Ilé Tí Omi Ń Jò Sínú Ògiri Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ kíkà: Léfítíkù orí 14, ẹsẹ 33 dé 48; Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 12, ẹsẹ 4 dé 15.



Kò pọ̀ nínú wa tí í ṣí Ìwé Léfítíkù bí kò bá ṣe pé a yàn án fún kíkà. A rò pé ọ̀rọ̀ màlúù àti àgùntàn, ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá, ni ó kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ní orí kẹrìnlá, lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti bá Mósè àti Áárónì sọ̀rọ̀ tán nípa adẹ́tẹ̀, Ó yí ọ̀rọ̀ náà sí ilé. Ó sọ ohun tí wọn yóò ṣe nígbà tí wọ́n bá dé Kénáánì, tí àrùn bá sì yọ lára ògiri ilé ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ kíyè sí i pé inú àgọ́ ni àwọn tí a ń bá sọ̀rọ̀ yìí ń gbé, ní aginjù. Kò sí ẹni tí ó ní ògiri nínú gbogbo wọn. Síbẹ̀ Ọlọ́run mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò ní ilé, Ó sì mọ̀ pé ilé pẹ̀lú a máa ṣàìsàn.

Ẹ wo bí òfin náà ti lọ. Onílé fúnra rẹ̀ ni yóò dìde lọ bá àlùfáà. Kì í ṣe aládùúgbò ni yóò lọ fi í sùn, kì í ṣe wolé-wolé ni yóò wá ká a mọ́ ibẹ̀. Bí ó bá sì dé ọ̀dọ̀ àlùfáà, kò ní í fi ọ̀rọ̀ pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í ṣe bí ẹni tí ó mọ gbogbo rẹ̀ tán. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni yóò sọ, pé ó dà bí ẹni pé nǹkan kan wà lára ògiri òun. Àlùfáà yóò wá pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo ẹrù inú ilé náà jáde kí òun tó wọlé. Èéṣe? Nítorí pé bí ó bá wọlé tí ó sì sọ pé ilé náà di aláìmọ́, gbogbo ohun tí ó bá wà nínú rẹ̀ di aláìmọ́ pẹ̀lú. Ibí yìí ni àánú Ọlọ́run fara sin sí nínú òfin tí ó dà bí ẹni pé ó le. Ó ro ti ẹní àti ìkòkò tálákà kí Ó tó dá ògiri lẹ́jọ́.

Lẹ́yìn náà ni àlùfáà yóò wo ògiri náà, bóyá àmì tí ó wà níbẹ̀ jìn wọ inú rẹ̀. Yóò ti ilẹ̀kùn ilé náà fún ọjọ́ méje, yóò sì padà wá wò ó. Bí àmì náà bá ti tàn, wọn yóò yọ òkúta tí ó ṣàìsàn, wọn yóò gbé e jù sí ẹ̀yìn ìlú, wọn yóò ha inú ilé náà yí ká, wọn yóò fi òkúta mìíràn sí ipò èyí tí wọ́n yọ, wọn yóò sì fi ohun ìrẹ́lé mìíràn rẹ́ ẹ. Bí ó bá tún padà wá lẹ́yìn gbogbo èyí, wíwó ni a ó wó ilé náà. A ka ẹ̀kọ́ yìí títí, a kò rí ibi tí Ọlọ́run ti fún wọn ní àyè láti fi ẹfun kùn ún kí ojú má rí i.

Àwa tí a ń gbé ní Minna mọ irú àrùn bẹ́ẹ̀, bí a kò tilẹ̀ pè é ní ẹ̀tẹ̀. Láti balùwẹ̀ ni ó ti ń wá jùlọ. Ẹ ó rí i tí ọ̀dà ògiri yóò wú bí ẹni tí iná jó, yóò wá máa bọ́ ní ìpẹ́pẹ́. Iyọ̀ funfun kan yóò yọ ní ìsàlẹ̀ ògiri. Bí ó bá pẹ́, ibẹ̀ yóò bu bí búrẹ́dì àná, yóò sì máa rùn. Púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́, amọ̀ ni inú wọn, sìmẹ́ńtì ni ẹ̀wù wọn. Bí omi bá wọ inú irú ògiri bẹ́ẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde, nítorí sìmẹ́ńtì ti dí i ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Amọ̀ yóò rọ̀ ní abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ojú ilé náà yóò sì dára títí di ọjọ́ tí yóò wó. Ti búlọ́ọ̀kù sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n omi a máa gun òun náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, gẹ́gẹ́ bí epo ti ń gun òwú àtùpà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí omi ti ń wá, kí ó fara balẹ̀ ṣọ́ ọ bí àlùfáà nì ti ṣọ́ ọ fún ọjọ́ méje. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí òjò rọ̀ nìkan ni ògiri ń rin, kí ó wo òrùlé. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí a bá wẹ̀ tán ni, kí ó wo ojú ilẹ̀ balùwẹ̀ àti ihò tí omi ẹ̀gbin ń gbà jáde. Bí ògiri bá ń rin tọ̀sán tòru nígbà tí omi ẹ̀rọ bá dé, tí ó sì ń fà gbẹ ní ọjọ́ tí omi ẹ̀rọ kò bá wá, páìpù tí ń gbé omi wọlé ni ó ti lu. (Àǹfààní kan ṣoṣo tí a rí nínú pé omi Tagwai àti ti Chanchaga kì í dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa lójoojúmọ́ nìyí.) Àwọn ìyá wa tí wọ́n mọ iṣẹ́ aró lè ràn wá lọ́wọ́ pẹ̀lú: bu omi aró díẹ̀ sínú ihò omi ẹ̀gbin, kí o sì lọ dúró sí ẹ̀yìn ògiri di ìrọ̀lẹ́. Aró kì í parọ́. Bí o bá sì fẹ́ dán ojú ilẹ̀ wò, fi àkísà dí ihò náà, da omi sí ilẹ̀ kí ó dúró, fi ẹfun sàmì sí ibi tí ó dé, kí o sì padà wá wò ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

A mọ ilé kan ní ìhà Kpakungu, a kò ní dárúkọ onílé. Ọmọ Yorùbá ni bàbá tí ó ń gbé ibẹ̀, akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ ìjọba, èèyàn jẹ́jẹ́. Balùwẹ̀ rẹ̀ fara ti yàrá aládùúgbò rẹ̀, ìyá àgbà kan tí í ṣe ọmọ Gbagyi, opó, tí ó ń tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìyá yìí wá lẹ́ẹ̀kíní, ó fi èdè Haúsá sọ pé ògiri òun ń tutù. Bàbá náà dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Màmá, ẹ má bínú, a ó tún un ṣe." Ó sì pe ẹni tí ó wá fi ọ̀dà kun balùwẹ̀ náà. Ògiri tirẹ̀ dára lójú. Ìyá náà tún padà wá, ó ní àpò ọkà bàbà tí òun gbé ti ògiri ti bàjẹ́. A tún kùn ún. Ìgbà mẹ́ta ni a kùn ún, bàbá yìí kò sì wọ yàrá ìyá náà wò rí.

Ìyàwó rẹ̀ ni ó lọ níkẹyìn. Ó gbé àwo ẹ̀wà kan dání láti fi kí ìyá náà ní ọjọ́ ọdún, ìyá náà sì mú un wọ inú yàrá. Ó fi ọwọ́ kan ògiri. Ó sọ fún wa pé òun rò pé aṣọ tútù ni wọ́n sá sí i. Ní ẹsẹ̀ ògiri yẹn gan-an ni ẹní ọmọdé náà wà, ọmọ náà sì ń wúkọ́. Obìnrin yìí padà sílé, kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ohun tí ó wí ni pé, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi ọwọ́ yín kàn án." Bàbá náà lọ, ó sì fi ọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ kejì ni a la ilẹ̀ balùwẹ̀ náà. Páìpù irin àtijọ́ ni ó wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà láti inú wá ní oríkèé rẹ̀, ihò ara rẹ̀ kò ju orí ìṣó lọ. Gbogbo ọ̀dà tí a fi kun ògiri yẹn, kò sí èyí tí ó kan ihò náà.

Bàbá yìí san ọkà bàbà náà padà fún ìyá náà, ó sì tún ẹ̀gbẹ́ ògiri tirẹ̀ rẹ́ fún un. Ìyá náà kò béèrè, ṣùgbọ́n òfin Ọlọ́run ti béèrè tẹ́lẹ̀. Ní Ẹ́kísódù orí 22, ẹsẹ 6, a sọ pé bí iná bá jáde lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó sì jó ọkà ẹlòmíràn, ẹni tí ó dá iná náà ni yóò san án. Ohun tí a sọ nípa iná, a kò lè sọ pé kò kan omi.

Ìdí tí a fi sọ ìtàn yìí ni pé a mọ ohun tí ó wà lọ́kàn púpọ̀ nínú wa. Bí ilé tí a ń gbé bá ń jò níhìn-ín, a máa ń wí pé, "Àjò ni a wà. Àjò kì í dùn kí onílé má relé." A ó mú owó tí ìbá tún balùwẹ̀ Minna ṣe, a ó fi ra pàánù fún ilé tí a ń kọ́ sí Ọ̀fà tàbí Ogbómọ̀ṣọ́, ilé tí a ń sùn nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ní àkókò Kérésìmesì, tí aláǹgbá sì ń gbé inú rẹ̀ ní ìyókù ọdún.

A kò fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìrora wà nídìí rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Busia ní Gáńà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní ilẹ̀ náà láàrin ọjọ́ 14. Àwọn èèyàn wa láti Ogbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì, tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìgbà àwọn bàbá wọn, kó ohun tí orí lè rù. Ìsọ̀ àti ọjà àwọn ẹlòmíràn sì wà níbẹ̀ sẹ́yìn wọn. Ọmọ tí ó bá gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀, a kò lè bá a wí bí ó bá ń ṣọ́ra láti ná owó sí ilẹ̀ àjò. Minna kì í ṣe Gáńà ní tòótọ́. Orílẹ̀-èdè wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ka ìwé òfin kí ó tó wọ inú ọkàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Jeremáyà kọ sínú ìwé tí ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tí a kó lọ sí Bábílónì, ní orí 29. Àwọn wòlíì èké ti ń sọ fún àwọn ènìyàn náà pé wọn yóò padà sílé láìpẹ́, kí wọ́n má tú ẹrù. Jeremáyà kò sẹ́ pé wọn yóò padà. Ó dá àkókò rẹ̀ fún wọn, 70 ọdún. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà ni ó ti ní kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà. Àwọn tí ó gba ìwé yẹn ni a kó ní ìgbèkùn. Àwa kò wá ní ìgbèkùn. Láàrin ọdún 1907 àti 1911 ni a la ọ̀nà ojú irin láti Baro lọ sí Kano, ti Èkó sì wá pàdé rẹ̀ níhìn-ín. Inú ọkọ̀ ojú irin yẹn ni púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa bá wá, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi owó ara wọn rà. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń jẹ iṣu ilẹ̀ yìí. Àwa lè pe ara wa ní àlejò bí ó bá wù wá. Ọmọ tí ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri kì í ṣe àlejò. Ìlú rẹ̀ nìyí.

Ní ti àwọn tí ó yá ilé gbé, ọ̀rọ̀ wa kò gùn. Ẹ tètè sọ fún onílé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Ẹ̀yin onílé, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí owó ilé yóò tó kí ẹ tó wá wò ó.

Ọ̀rọ̀ wá dé orí ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà, agbaṣẹ́ṣe tí àwọn kan ń pè ní kọngílá. Níbí ni ẹkún pọ̀ sí. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí a kì í gbọ́ ti ẹnì kan tí ó gba owó tí kò padà wá, tàbí ti ẹnì kan tí ó ṣe iṣẹ́ tán tí a kò sanwó fún. Ẹ̀kọ́ wa kejì sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí ní ilé Ọlọ́run pàápàá. Jóáṣì ọba, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tí ó gorí oyè, pàṣẹ pé kí àwọn àlùfáà máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, kí wọ́n sì fi tún ibi tí ó ti ya nínú tẹ́ḿpìlì ṣe. Ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀ dé, wọn kò tíì tún un ṣe. Bíbélì kò sọ pé wọ́n jí owó náà. Ohun tí a sọ fún wa ni pé owó ń wọlé, iṣẹ́ kò sì di ṣíṣe. Ẹni tí ń gba owó ni yóò ná an, òun kan náà ni yóò sì sọ bóyá iṣẹ́ ti dára. Bí irú ètò bẹ́ẹ̀ kò bá sọ ènìyàn di olè, yóò sọ ọ́ di ẹni tí ń sùn.

Jèhóíádà àlùfáà wá mú àpótí kan, ó lu ihò sí ìdérí rẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Nígbà tí owó bá pọ̀ nínú rẹ̀, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà yóò jọ kà á, wọn yóò dì í sínú àpò. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni méjì ni, ọ̀kan láti ààfin, ọ̀kan láti tẹ́ḿpìlì. Wọn yóò kó o fún àwọn alábòójútó iṣẹ́, àwọn yẹn ni yóò sì san án fún gbẹ́nàgbẹ́nà, fún ọ̀mọ̀lé, fún agbẹ́kùúta, tí wọn yóò sì fi ra igi àti òkúta. A kò fi owó náà ṣe ago fàdákà. Ìwé Kíróníkà Kejì, orí 24, fi kún un pé ìgbà tí iṣẹ́ ti parí pátápátá ni wọ́n tó fi èyí tí ó ṣẹ́kù ṣe ohun èlò. Àwọn ìjọ kan wà tí ìbá dára kí wọ́n ka ẹsẹ náà lẹ́ẹ̀mejì, níbi tí aṣọ tuntun fún akọrin ti máa ń ṣáájú pàánù tí ó ya. Ìwé Àwọn Ọba wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó yà wá lẹ́nu: a kò béèrè ìṣirò lọ́wọ́ àwọn alábòójútó náà, nítorí òtítọ́ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan lò ó láti sọ pé kí a má ṣe béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni méjì ti ka owó náà kí ó tó dé ọwọ́ wọn, ojú gbogbo ènìyàn sì wà lára ògiri tí wọ́n ń tún ṣe.

Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ gbé iṣẹ́ balùwẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe, kí ó kọ́kọ́ lọ wo iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ti ṣe ní ọdún kan tàbí méjì sẹ́yìn, kì í ṣe èyí tí ó parí ní àná. Omi kì í tètè sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá dúró ní ẹnu ọ̀nà tí ó dá iye owó láìtíì mọ ibi tí omi ti ń wá, àfọ̀ṣẹ ni ó ń ṣe. Kí ó là á ná, kí a sanwó lílà fún un, kí a tó jọ sọ iye tí àtúnṣe yóò gbà. Kí àdéhùn wà nínú ìwé: ohun tí a ó ṣe, ẹni tí yóò ra páìpù àti sìmẹ́ńtì, iye ọjọ́, àti ìgbà tí owó kọ̀ọ̀kan yóò jáde. Má ṣe kó gbogbo owó fún un ní ọjọ́ kìíní. Jẹ́ kí ìpín kan kù títí a ó fi dá omi sí ilẹ̀ tí a ó sì rí i pé kò fà. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá ti dúró, san án ní ọjọ́ náà. Ẹni tí ó di ìpín ìkẹyìn mú nítorí pé iṣẹ́ ti parí tí kò sì nílò oníṣẹ́ mọ́, olè ni òun náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ alàgbà nínú ìjọ.

Kí sùúrù sì wà. Sìmẹ́ńtì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ń fẹ́ kí a máa wọ́n omi sí i kí ó má bàa yára gbẹ, fún ọjọ́ méje ó kéré tán, pàápàá ní àkókò ọyẹ́. Bíi ọjọ́ 28 ni ó sì ń gbà kí agbára rẹ̀ tó dé bí ó ti yẹ. Inú wa dùn láti rí i pé ọjọ́ méje ti Léfítíkù kò ṣàjèjì sí bíríkìlà. Ẹni tí ó bá ń lé oníṣẹ́ pé òun gbọ́dọ̀ wẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀la, kí ó má ṣe dá oníṣẹ́ lẹ́bi ní ọdún tí ń bọ̀.

Àwọn lébìrà tí a ń mú ní ẹ̀bá ọ̀nà ní òwúrọ̀ ńkọ́, tí wọ́n ń ru yanrìn, tí wọ́n ń po sìmẹ́ńtì? Deutarónómì orí 24 ní kí owó wọn má di ọjọ́ kejì, kí oòrùn má wọ̀ lórí rẹ̀, nítorí tálákà ni wọ́n, ọkàn wọn sì wà lára owó náà. Ó sì sọ ọ́ kedere pé ìbáà ṣe arákùnrin, ìbáà ṣe àlejò. Àwa tí a jẹ́ àlejò níhìn-ín ni a ń gba ọmọ onílùú ṣiṣẹ́ ní ogún kọ́bọ̀, tí a sì ń wí fún un ní ìrọ̀lẹ́ pé kí ó padà wá lọ́jọ́ Àjé. Ẹ rántí Jòsáyà ọba, ẹni tí ó tún tẹ́ḿpìlì ṣe gẹ́gẹ́ bí Jóáṣì ti ṣe, tí a fi òtítọ́ san owó àwọn ọ̀mọ̀lé ní ọjọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ Jèhóíákímù kọ́ ilé fún ara rẹ̀ pẹ̀lú: yàrá gbòòrò, fèrèsé ńlá, igi kédárì, ọ̀dà pupa yí i ká. Jeremáyà orí 22 sọ ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀dà náà: kò sanwó fún àwọn tí ó ṣiṣẹ́. Bàbá àti ọmọ ni wọ́n. Ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ wà láàrin wa, bíríkìlà, gbẹ́nàgbẹ́nà, oníṣẹ́ páìpù, ẹ̀yin náà ní ìpín. Ìsíkíẹ́lì orí 13 bá àwọn wòlíì wí tí wọ́n ń sọ pé àlàáfíà wà nígbà tí kò sí, ó sì fi wọ́n wé ẹni tí ó rẹ́ ògiri jẹ́gẹjẹ̀gẹ ní ẹfun tí òjò ńlá yóò sì wá fọ̀ ọ́. Kí wòlíì Ọlọ́run tó fi iṣẹ́ yín ṣe àkàwé, ó gbọ́dọ̀ ti rí irú rẹ̀ ní ìta. Nígbà tí ẹ bá là ilẹ̀, tí ẹ rí i pé ìbàjẹ́ ju owó tí ẹ dá lọ, ẹ má ṣe bò ó. Ẹ pe onílé, kí ó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Onílé lè bínú, ó lè sọ pé owó ni ẹ tún ń wá. Ẹ jẹ́ kí ó bínú.

A kò gbàgbé pé ìwàásù ni èyí, pé balùwẹ̀ nìkan kọ́ ni ń jò. Àwọn ìjà kan wà láàrin wa tí a ti fi ọwọ́ gbígbà níwájú pẹpẹ kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tí a ṣẹ̀ kò tíì rí kí a wọ yàrá rẹ̀, kí a fi ọwọ́ kan ògiri rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kì í wọ ibẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ògiri tí a bá là nítorí kí a lè rí páìpù inú rẹ̀, Ọlọ́run ni yóò rẹ́ ẹ.

Ní ti ilé tí aṣọ́lé ìjọ wa ń gbé ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tí a rán lọ ti wò ó. Ojú ilẹ̀ balùwẹ̀ ni ó ń jò, aró jáde sí ògiri yàrá àwọn ọmọ rẹ̀ láàrin wákàtí márùn-ún. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìsinmi yìí, àpótí kan yóò wà ní ẹnu ọ̀nà fún iṣẹ́ náà nìkan. Akápò àti ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ni yóò jọ máa ṣí i, wọn yóò sì kọ iye rẹ̀ sára pátákó. A ó la ilẹ̀ náà ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e. Bíríkìlà ìjọ tí ó bá fẹ́ ṣe é yóò gba owó bí ti ẹlòmíràn; a kò fẹ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí a kò ní lè yẹ̀ wò. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá súnmọ́ ibẹ̀, tí ó lè yọ̀ǹda balùwẹ̀ fún ìdílé aṣọ́lé, àgbà méjì àti ọmọ mẹ́rin, fún ọjọ́ méje náà, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún ìyá ìjọ kí a tó túká.